Ohun tí ọwọ́ Àǹtí mọ̀

Ìtòkú, Abẹ́òkúta.

Àníkẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

O kú òtútù Kánádà o. Gbogbo ilé ń kí ọ. O ní ọkàn rẹ fà sí ilẹ̀ tí wọ́n fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ, o wá ń bi mí bóyá kí o tẹ̀ lé ọkàn ni àbí kí o jókòó ro ó dáadáa.

Lánàá, mo wà lọ́dọ̀ Àǹtí wa nídìí ìkòkò aró. Ó tọwọ́ bọ̀ ọ́, ó fi ìka méjì ra á wò, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní, "Aró yìí kò tíì tó." Èmi rí ìfófòó lójú ẹ̀, mo ní ó ti tó, mo ki ìdajì ọ̀pá aṣọ kan bọ̀ ọ́. Ó yẹ kó jáde bí àwọ̀ ewé, kí atẹ́gùn wá sọ ọ́ di búlúù. Ṣùgbọ́n ó kàn rí bàìbàì ni. Mo bi í bó ṣe mọ̀. Ó ní, "Ọwọ́ mi ló sọ fún mi."

Kì í ṣe awo, Àníkẹ́. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí aró ti ń bá ọwọ́ yẹn wí, lójú ẹsẹ̀, nígbàkígbà tó bá ṣì í.

Ohun tí Daniel Kahneman àti Gary Klein, àwọn onímọ̀ méjì nípa bí èèyàn ṣe ń ronú, fẹnu kò lé lórí ní 2009 nìyẹn. Kahneman kì í tètè gba ohun tí ọkàn sọ gbọ́. Klein ti wádìí bí àwọn panápaná ṣe ń pinnu láàárín iná. Wọ́n gbà pé ọkàn ṣeé tẹ̀ lé níbi tí nǹkan kì í yí ìṣe rẹ̀ padà, tí èèyàn sì ti pẹ́ níbẹ̀, tí àṣìṣe rẹ̀ ń tètè hàn sí i.

Ilẹ̀ mélòó lo ti rà rí? Ọkàn lè tanni jẹ o. Dáhùn èyí kíá: búrẹ́dì àti àkàrà jẹ́ 1,100 náírà, búrẹ́dì fi 1,000 náírà wọ́n ju àkàrà lọ. Èló ni àkàrà? Ọkàn á ti ní 100. 50 ni o, torí búrẹ́dì jẹ́ 1,050!

Ṣùgbọ́n o tún kọ ọ́ pé ohùn ọ̀gbẹ́ni tó ń ta ilẹ̀ náà yí padà nígbà tí o béèrè ìwé. Ìyẹn ni kí o má fi ṣeré. Ìdí igbá màmá rẹ lo dàgbà sí. Ohùn ẹni tó ń tajà kò ṣàjèjì sí ọ.

Gba ẹ̀dà sọ́fè ilẹ̀ náà ránṣẹ́ sí mi. Màá gbé e fún sọ̀fíọ̀ kó wò ó bóyá kò bọ́ sínú ilẹ̀ ìjọba. Má tíì san kọ́bọ̀.

Àǹtí ti tún aṣọ mi rẹ. Ó wà lórí okùn báyìí, ó dú mìnìjọ̀.

Èmi ni tìrẹ,
Bísí