Agogo Kò Fọ́: Èsì sí Lẹ́tà Ará Peckham

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìwé ìròyìn. Mo ka lẹ́tà tí ẹnì kan láti Peckham kọ sí yín lẹ́yìn Ọjọ́ Ìsinmi tí wọ́n fi ń rántí àwọn ọmọ ogun tó kú. Ó ní agogo ṣọ́ọ̀ṣì àdúgbò òun ti fọ́: bó bá ké lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kejì á dà bíi kí ènìyàn máa sọ̀rọ̀ lábẹ́ ìbora. Ó ní kí àwọn tó ni ín wá owó tún un ṣe. Mo wà lára àwọn tó ń fa okùn agogo ní Lọ́ńdọ̀nù níhìn-ín, iṣẹ́ bàtà títúnṣe ni mo sì fi ń jẹun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún un pé agogo ò fọ́. Ọ̀fọ̀ ló ń ṣe.

Ara àgbá kẹ̀kẹ́ ńlá ni wọ́n ń so agogo mọ́ nínú ilé ìṣọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni kan sì ló ń fa ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí a bá fa okùn, agogo á yí po, ẹnu rẹ̀ á tún kọjú sókè, irin inú rẹ̀ á sì lù ú lẹ́ẹ̀kan péré. Nígbà àkọ́fà, ibi tí wọ́n fi òwú aláràbarà wé lára okùn la máa ń dì mú. Nígbà ìkejì, ìdí okùn. Irin náà á lu ẹ̀gbẹ́ kan lákọ̀ọ́fà, á lu ẹ̀gbẹ́ kejì nígbà tí a bá tún fà á. Bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹlẹ̀, awọ tó nípọn la ń dè mọ́ ojú kan irin náà. Agogo mẹ́jọ á ké ketekete, láti orí èyí tó kéré jù títí dé orí ìyá wọn, lẹ́yìn náà àwọn mẹ́jọ kan náà á tún ké, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, bí ẹni pé òkè odò ni wọ́n wà. A ó dánu dúró díẹ̀, a ó tún bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ará Peckham gbọ́ nìyẹn.

Wàhálà rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan okùn. A ní láti gun àtẹ̀gùn òkúta lọ sókè, kí gbogbo agogo sì ti dojú bolẹ̀, nítorí agogo tí ẹnu rẹ̀ bá wà lókè lè yí lójijì, ó sì lè pa ènìyàn. A ó rá wọ abẹ́ rẹ̀ nínú eruku àti ìgbẹ́ ẹyẹlé, a ó fi tọ́ọ̀ṣì sẹ́nu, a ó fa bẹ́líìtì awọ náà le. Bí kò bá le tó, awọ á yí kúrò níbi tó yẹ kó wà, agogo tó yẹ kó rọ ohùn á sì pariwo láàárín àwọn tó kù. Èmi ni wọ́n máa ń ké sí lórí ọ̀rọ̀ awọ. Nígbà tí Ọbabìnrin Elizabeth Kejì wàjà ní 8 Oṣù Kẹsàn-án 2022, àṣà ni pé kí a bo irin gbogbo agogo lójú méjèèjì, àfi èyí tó tóbi jù, tí a ó fi ojú kan rẹ̀ sílẹ̀. A kò tíì ṣe é fún ọba láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú ní 1952, ọ̀pọ̀ ilé agogo ló sì jẹ́ pé awọ ojú kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Mo ti ṣọ́ọ̀bù mi, mo fi awọ bàtà ológun àtijọ́ àti òwú tí mo fi ìda pa rán èyí tó kù.

Kí a wá fà á ni iṣẹ́ mìíràn. Etí la fi ń mọ̀ bóyá agogo wa bọ́ sí àyè rẹ̀. Bí awọ bá ti wà níbẹ̀, ohùn ìkejì kì í fi bẹ́ẹ̀ dé yàrá ìsàlẹ̀ tí a dúró sí, ojú ló gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ etí: à ń wo okùn ẹlòmíràn bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀. Àwọn kan máa ń dábàá pé ká yéé de awọ nítorí wàhálà rẹ̀, ká sáà lù ú lásán. Èmi ò fara mọ́ ọn rárá. Nígbà tí ìlà ìkejì, ti àwọn agogo tó ń rọ ohùn, bá tò lọ láìsí ẹni tó kánjú, mi ò mọ ìdùnnú tó tó o nínú iṣẹ́ yìí.

Ní 2018 ni mo kọ́ ọ, nígbà tí wọ́n ń wá ènìyàn tuntun tí yóò rọ́pò bíi 1,400 afagogo tó kú sínú ogun 1914 sí 1918. Ní àárọ̀ 11 Oṣù Kọkànlá ọdún náà a fà á pẹ̀lú awọ, lẹ́yìn náà a tú awọ, àwọn agogo sì ké lóhùn gbangba ní 12:30 ọ̀sán jákèjádò ilẹ̀ náà. Ìdí tí mo fi lọ kò ju ọ̀kan lọ. Bàbá tó bí bàbá mi bá Ẹgbẹ́ Ọmọ Ogun 82 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ jagun ní Bọ́mà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Abẹ́òkúta ló padà kú sí, kò sì sí ìjọba tó lu agogo kankan fún un. Lọ́dọọdún, ní gbogbo ìgbà tí mo bá fa ìdí okùn, orúkọ rẹ̀ ni mo máa ń pè sínú.

Ní Oṣù Kọkànlá tó ń bọ̀, kí ará Peckham dúró sí òdìkejì títì, kì í ṣe ìdí ilé ìṣọ́ gan-an. Yóò gbọ́ ìlà méjèèjì dáadáa. Bó bá sì fẹ́ kọ́ ọ, kó béèrè alẹ́ tí wọ́n máa ń dánrawò. Kò dìgbà tó bá mọ orin kíkà, àwọn ọmọ wa tó ń fà á kò sì pọ̀ rárá. Kó wọ bàtà tí ìdí rẹ̀ pẹlẹbẹ o, àtẹ̀gùn náà tín-ín-rín.

Èmi ni tiyín,
Àjàní, ọmọ Ẹ̀gbá,
Lewisham, Lọ́ńdọ̀nù.