Àyìnkẹ́, Ta Ló Pa Ọ́ Lẹ́nu Mọ́?

Àyìnkẹ́ ọmọ mi,

Mo gbọ́ ohun kan, n kò sì fẹ́ bi ọ́ lórí fóònù, nítorí "kò sí nǹkan kan, Màámi" ni wàá fi dá mi lóhùn. Àbúrò rẹ ló gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí ẹ jọ wà ní kíláàsì. Wọ́n ní lọ́jọ́ tí ẹ lọ ṣàlàyé pírójẹ́ẹ̀tì yín, olùkọ́ kan béèrè iye ẹrù tí òpó inú àwòrán yín lè gbé. Ìwọ lo ṣírò rẹ̀. Ẹlòmíràn ló dáhùn, ó sì ṣì í sọ. Wọ́n ní o gbójú sókè, o wò ó, o tún dorí kodò.

Ṣé òótọ́ ni?

Bàbá rẹ ti ń ríran dáadáa lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ojú rẹ̀. Òrùlé yàrá ẹ̀yìn ṣì ń jò. Àbúrò rẹ ti kó sí yàrá rẹ, má wulẹ̀ bá a jà. Ìwọ ni mo ń rò.

Kì í ṣe pé ojú tì ọ́ ló dùn mí. Ojú máa ń ti ènìyàn. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé o mọ̀ pé iye yẹn kò tọ́, o sì dákẹ́. Lónìí, máàkì ló bá a lọ. Lọ́jọ́ mìíràn, ilé ni, afárá ni, ẹ̀rọ tó ń bá aláìsàn mí ni.

Má sì sọ fún mi pé o kò mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ṣebí ìwọ lo sọ ìtàn hòtẹ́ẹ̀lì Hyatt Regency ti Kansas City fún wa, tí afárá ẹlẹ́sẹ̀ inú rẹ̀ já lulẹ̀ ní 1981, tí ènìyàn 114 kú? Èmi àti bàbá rẹ kò kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà. O ní kí a ronú nípa ènìyàn méjì tó rọ̀ mọ́ okùn kan: bí kálukú bá di okùn mú, ọwọ́ kálukú ló ń gbé ara rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ti ìsàlẹ̀ bá lọ rọ̀ mọ́ ẹsẹ̀ ti òkè, ọwọ́ ti òkè ti ń gbé ẹni méjì nìyẹn. O ní bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí nígbà tí wọ́n fi ọ̀pá irin méjì rọ́pò ẹyọ kan tó gùn tó yẹ kó gbé afárá òkè àti ti ìsàlẹ̀ rọ̀, tí ti ìsàlẹ̀ wá rọ̀ mọ́ ti òkè, tí ẹnikẹ́ni kò sì tún ìṣirò rẹ̀ ṣe. Bàbá rẹ tó ti ń tòògbé jókòó dáadáa, ó ń bi ọ́ ní ìbéèrè. Ẹnu tó ṣe ìyẹn, kí ló dé tó kú níwájú olùkọ́?

Bóyá gírámà lo ń bẹ̀rù. Gírámà tó ṣì kò tíì wó ilé rí, Àyìnkẹ́.

Fetí sí mi. Gbogbo ọdún tí mo fi ṣe nọ́ọ̀sì, bí dókítà bá sọ iye oògùn fún wa lórí fóònù, a ó kọ ọ́ sílẹ̀, a ó sì kà á padà sí i létí, kí ó tó ní bẹ́ẹ̀ ni. Iye náà àti ohun tí a fi wọ̀n ọ́n ni à ń kà, nítorí pé nọ́ńbà lásán lè pa ènìyàn. Kí ìwọ náà máa ṣe bẹ́ẹ̀. Bí o bá dìde láti sọ̀rọ̀, ohun tí wọn yóò fi ṣe ìpinnu ni kí o kọ́kọ́ sọ: "Òpó yìí kò lè gbé ẹrù yìí." Ìṣirò lè wá tẹ̀lé e. Má máa ka ohun tí ẹ̀rọ gbé sára ògiri fún wọn, wọ́n lójú. Fi fóònù gba ohùn ara rẹ sílẹ̀, kí o gbọ́ ibi tí ò ń gbé ọ̀rọ̀ mì.

N kò lè gbàgbé ìtàn kejì tí o sọ, ti Challenger, ọkọ̀ Amẹ́ríkà tí rọ́kẹ́ẹ̀tì ń gbé lọ sí gbalasa òfurufú, ní 1986. O ní lálẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí ó gbéra, àwọn ẹnjiníà sọ pé òtútù yóò mú kí rọ́bà tó ń dí oríkèé rọ́kẹ́ẹ̀tì le gbagidi, pé kí wọ́n má ṣe é gbéra bí ojú ọjọ́ kò bá tó nǹkan bí ìwọ̀n 12 Sẹ́lísíọ́ọ̀sì. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nǹkan bí 2 ni. O ní ọ̀gá kan sọ fún ọ̀gá ẹnjiníà pé kí ó bọ́ fìlà ẹnjiníà, kí ó dé ti alákòóso. Wọ́n ṣe é gbéra, ó fọ́ lójú òfurufú, ènìyàn méje sì kú. O tún ní nínú àwọn ìrìnàjò ìṣáájú, èyí tí rọ́bà ti bàjẹ́ nìkan ni wọ́n gbé yẹ̀ wò lálẹ́ ọjọ́ náà, wọn kò to èyí tí rọ́bà rẹ̀ kò bàjẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ni iṣẹ́ ọwọ́ òtútù kò fi hàn kedere. Àwọn yẹn sọ̀rọ̀, ọmọ mi. Wọ́n sọ ọ́, àwọn ọ̀gá ò gbà fún wọn. Ìwọ tí o kò tilẹ̀ sọ ńkọ́?

Mo ti ń yí ọ̀rọ̀ kan ká láti òkè wá. Nígbà tí o wà ní kékeré, o wá bá mi ní pálọ̀, o ní sọ́kẹ́ẹ̀tì yàrá yín ń gbóná. Mo ní kí o dákẹ́, pé àgbà ń sọ̀rọ̀. O tún padà wá. Mo fi ojú lé ọ jáde. O lọ jókòó, o pa ẹnu mọ́, títí a fi rí èéfín. Ọlọ́run yọ wá. Lẹ́yìn ìgbà náà, mo ń fi ọ́ yangàn fún àwọn ọ̀rẹ́ mi pé ọmọ mi kì í sọ̀rọ̀ láàárín àgbà. N kò bẹ̀ ọ́ rí. Mo bẹ̀ ọ́ nísinsìnyí. O tọ̀nà lọ́jọ́ náà, èmi ni mi ò gbọ́.

Ṣùgbọ́n o ti dàgbà, èmi kọ́ ni mo di ọ́ lẹ́nu mú níwájú olùkọ́ yẹn. O lè bọ̀wọ̀ fún ènìyàn kí o sì tún ọ̀rọ̀ ṣe: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, èmi ni mo ṣe ìṣirò yẹn, iye tí a sọ kò tọ́." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí àrífín kankan níbẹ̀.

Kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, kọ̀wé sí olùkọ́ náà: iye tí ẹ sọ, iye tó tọ́, ibi tí àṣìṣe ti wọlé. Kọ́kọ́ sọ fún ẹni tó dáhùn, kí ó má baà dà bí ẹni pé o fi í sùn. Fi ẹ̀dà ìwé náà ránṣẹ́ sí mi. Bí kò bá yé mi, màá pè ọ́, wàá sì ṣàlàyé rẹ̀ fún mi.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.