Lẹ́tà sí nọ́ọ̀sì tí mo parọ́ fún ní Mọ́kọ́lá

Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí Nọ́ọ̀sì.

Ẹ ò lè rántí mi. Èmi ni ọmọkùnrin tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì yín nígbà ọyẹ́ ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, tó wé súkáàfù mọ́rùn bí ẹni tó ń lọ sí Jọ́s. Mo sọ fún yín pé egungun ẹja ló há mi lọ́fun.

Irọ́ ni. Mi ò fẹnu kan ẹja ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn.

Àbúrò mi kan ló pè mí lánàá láti Ọ̀jọ́ọ̀, ó ní ọ̀fun ń dun òun, ó wá dákẹ́. Mo mọ ìdákẹ́ yẹn. Òun ló jẹ́ kí n rántí yín.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Lálẹ́ Sátidé, èmi àti ọmọbìnrin kan tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fẹ́ra wa jọ wà ní yàrá mi ní Agbowó. Ẹnu ni mo fi ṣe é fún un, a ò ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lójú tèmi, ìyẹn ò tíì di ohun tí èèyàn ń torí ẹ̀ ra kọ́ńdọ́ọ̀mù. Ọjọ́ Ajé ni ọ̀fun bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí. Nígbà tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, itọ́ lásán ò ṣeé gbé mì mọ́.

Mo wá sọ ara mi di dókítà. Níwájú dígí, fóònù tó ń tan iná wà lọ́wọ́ kan, ṣíbí tí mo fi ń tẹ ahọ́n mọ́lẹ̀ wà lọ́wọ́ kejì. Mo rí pupa, mo rí funfun bíńtín kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo ti sin ara mi tán. Ẹni tí ò wo ọ̀fun ara ẹ̀ rí, báwo ló ṣe fẹ́ mọ èyí tó ti wà níbẹ̀ látilẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé?

Ìyá onílé gbọ́ bí mo ṣe ń húkọ́, wọ́n ní bèlúbèlú ni, wọ́n fún mi ní orógbó. Ọ̀rẹ́ mi kan tí mo fọ̀rọ̀ hàn rẹ́rìn-ín: “Àtọ̀sí kì í wọ ẹnu jàre. Ìsàlẹ̀ nilé ẹ̀.” Mo gbà á gbọ́, síbẹ̀ mo lọ ra kápúsù mẹ́rin aláwọ̀ pupa àti yẹ́lò ní kẹ́mísì, mo gbé méjì mì.

Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ ò bá mi jiyàn ẹja. Ẹ pa ìwé dé, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ wá bi mí bí ẹni tó ń bèèrè bóyá mo ti jẹun: “Ṣé o fi ẹnu kan ojú ara ẹnikẹ́ni lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí?”

Ẹ pè é ní ojú ara. Mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu àgbàlagbà rí kí èébú má tẹ̀lé e. Omi bọ́ lójú mi, mo ní ọyẹ́ ni.

Ẹ ní ọ̀fìnkìn àti eruku ọyẹ́ ló sábà ń fa ọ̀fun tó ń ta báyìí. Ẹ ní àtọ̀sí ń wọ ọ̀fun dáadáa, sífílíìsì náà ń gba ẹnu wọlé, ṣùgbọ́n àtọ̀sí ọ̀fun kì í sábà dunni rárá, ìtọ̀ tí mo bá sì tọ̀ sínú ike ò lè sọ ohun tó wà lókè. Bí igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n wé òwú mọ́ lórí ṣe wọ ọ̀fun mi nìyẹn. Díẹ̀ ló kù kí n bì sí yín láṣọ.

Éèdì ló gba oorun lójú mi jù. Ẹ ní ewu ẹ̀ láti ẹnu kéré gan-an, àmọ́ kí n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, kí n sì tún un yẹ̀ wò tí ọjọ́ 90 bá pé, torí àyẹ̀wò tí wọ́n ń fi ẹ̀jẹ̀ ìka ṣe lè má rí kòkòrò náà kó tó dìgbà yẹn. Ẹ wá bi mí bóyá mo fọ ẹnu kí n tó lọ bá a. Èmi tí mo fi orín ata ha eyín títí ẹ̀jẹ̀ fi yọ, pé ìmọ́tótó ni! Ẹ ní ọ̀nà ni mo là fún àrùn yẹn. Ẹ ní kí n máa fi sísọ́ọ̀sì la kọ́ńdọ́ọ̀mù lóròó, kí n tẹ́ ẹ sójú ara obìnrin kí n tó fẹnu kàn án. Kí n má parọ́ kejì fún yín, mi ò tíì pàdé ẹni tó ń ṣe é ní Ìbàdàn.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọ̀fun mi ti jinná. Mo jẹ àmàlà, ata gbẹ̀gìrì ò ta mí. Mo ní kí ni mo tún fẹ́ gba èsì sí, kí n fi owó ọkọ̀ Micra ṣòfò? Ẹ̀yin lẹ pè mí. Nínú ọ̀fun tó ti jinná yẹn ni àtọ̀sí wà.

Abẹ́rẹ́ kan ní ìdí, ó tán. Ẹ ní kí n padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, torí àtọ̀sí ọ̀fun máa ń ṣòro láti wò sàn ju ti ìsàlẹ̀ lọ. Èmi ò gbọ́ ìyẹn, ìbínú ọmọbìnrin yẹn ni mo ń bá fà á. Ẹ wò mí lójú: “Ta ló ní òun ló kó o fún ẹ?” Mo rántí ẹlòmíì kan ní oṣù Kọkànlá. Mo dákẹ́.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo pe ọmọbìnrin tí a jọ wà ní Agbowó, mo sọ gbogbo ẹ̀. Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Ó wá ní, “Ṣé wọ́n máa ń pariwo mọ́ni níbẹ̀?”

Mo ní rárá. Mo ní kó ṣáà má sọ fún yín pé ẹja ló há òun lọ́fun.