Ẹsẹ̀ Ẹ̀yìn Ẹṣin Yẹn

Ẹ̀yin ọmọ Lísàbí tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ ère gbígbẹ́,

Láti ọjọ́ tí ọmọkùnrin kan ti gbé ẹṣin onírókò wá hàn mí ni ọkàn mi ò ti balẹ̀. Ara ère náà ń dán gbinrin, ó fín ìjánu rẹ̀ dáadáa. Mo wá fọwọ́ tọ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ wálẹ̀. Orúnkún ènìyàn ló gbẹ́ sí i! Oríkèé tó yẹ kó yọ sẹ́yìn, iwájú ló yọ sí. Mo ní, "Níbo lo ti rí ẹṣin báyìí?" Ó fa fóònù yọ lápò. Ẹni tó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ ò gba ère náà, ọmọ náà sì sọ àáké sílẹ̀, ó lóun ò ṣe mọ́. Ọwọ́ rẹ̀ mà dára o. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn.

Ṣé ẹ ti di ẹsẹ̀ ẹran mú rí? Mi ò ní wíwò o.

Ọ̀gá mi, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere, odò ẹran ní Láfẹ́nwá, l'Abẹ́òkúta níbí, ni wọ́n máa ń rán mi lọ ní ìdájí. Alápatà á ju ẹsẹ̀ màlúù sí mi, n ó máa ká a, n ó máa nà án, títí ọwọ́ mi á fi mọ ibi tó ń dé kó tó kọ̀. Oríkèé ẹ̀yìn tí ẹ ń pè ní orúnkún yẹn, ọrùn ẹsẹ̀ ni. Orúnkún gan-an wà lókè, lẹ́bàá ikùn. Èékánná ìka kan ṣoṣo ni ẹṣin fi ń tẹlẹ̀. Ti ewúrẹ́, méjì. Kò sí egungun tó so èjìká ẹṣin mọ́ àyà rẹ̀ bíi tiwa, iṣan àti ẹran ló dì í mú, ìdí nìyẹn tí èjìká fi ń yọ̀ lábẹ́ awọ tó bá ń rìn. Mo ka egungun ìhà màlúù, 13 lápá kan. Ti ẹṣin, 18. Lọ́jọ́ Lísàbí tí àwọn olóyè bá gun ẹṣin, àwọn èèyàn á máa wo aṣọ. Ẹsẹ̀ lèmi ń wò.

Ẹ má sọ fún mi pé àwọn baba wa náà gbẹ́ orí tó tóbi ju ara lọ. Mo mọ̀. Ẹ lọ wo orí eégún tí ilé Adugbologe, ìdílé agbẹ́gilére, gbẹ́ nílùú yìí, pẹ̀lú etí ehoro gbọọrọ. Ẹni tó mọ ehoro ló gbẹ́ ẹ. Ó mọ̀ ọ́n kó tó fà á gùn.

Kí ló ń lé yín gan-an? Ẹ ò tíì la ìrísí ẹran jáde lára igi, ẹ ti ń wá ọ̀bẹ tí ẹ ó fi fín in! Lamidi Fákẹ́yẹ, ilé agbẹ́gilére ní Ìlá Ọ̀ràngún ni wọ́n bí i sí, ó ti ń gbẹ́gi láti kékeré, síbẹ̀ ó tún lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bándélé ọmọ Aréògún ní Ọ̀yẹ́ Èkìtì.

Tí wọ́n bá pa àgbò Iléyá nílé yín, ẹ gba ẹsẹ̀ kan. Ẹ sè é títí ẹran á fi bọ́, kí ẹ wá to egungun rẹ̀ padà bó ṣe wà.

Ìwọ ọmọ yẹn, o mọ ara rẹ. Ẹṣin rẹ ṣì wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn mi. Mo ti ra gẹdú ìrókò mìíràn sílẹ̀, mo sì ti bá alápatà sọ̀rọ̀. Máa bọ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, kílẹ̀ tó mọ́.