Lẹ́tà sí Àjọkẹ́, kó tó gbẹ́ ìpìlẹ̀

Àjọkẹ́ mi,

Mo rí àwòrán ilé tí o fi ránṣẹ́ láti Èkó. Ó wuni lójú, mi ò ní parọ́. Màmá gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n yí i síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn, wọ́n ní, "Níbo ni òrùlé rẹ̀ wà?" Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ìbéèrè yẹn ò jẹ́ kí n sùn, òun ni mo ṣe jókòó kọ ìwé yìí.

O ní tí o bá wálé Kérésì lo fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Jọ̀wọ́, má tíì bẹ̀rẹ̀. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn lo ra ilẹ̀ Ìyìn-Èkìtì yẹn, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn lo tún fẹ́ gbẹ́ ìpìlẹ̀. O ò tíì rí i lójò rí. Oṣù Kìíní lèmi náà ra tèmi ní Adó, nínú ọyẹ́. Gbogbo koríko ti gbẹ, àfi ti apá kan lẹ́yìn tó ṣì tutù yọ̀yọ̀. Mo rò pé ilẹ̀ ibẹ̀ lọ́ràá ni. Nígbà tó máa fi di oṣù Kẹsàn-án, a ti mọ ọ́n dé líńtẹ̀lì, omi sì ti rọ́ wọ yàrá ẹ̀yìn. Ojú ọ̀nà tí àgbàrá ń gbà bọ̀ láti orí òkè ni mo kọ́lé dí. Ẹni tó ta ilẹ̀ fún mi mọ̀ dáadáa.

Títí dòní, bí o bá fọwọ́ pa ìsàlẹ̀ ògiri yàrá náà, ọ̀dà á ṣí, pílásítà á sì máa dà sílẹ̀ bíi gàrí. Mo ti kùn ún lẹ́ẹ̀mẹrin. Bíríkìlà ló ní kò sídìí fún ọ̀rá dúdú tó ń dènà ọ̀rinrin lábẹ́ Jámánì flóò, ìyẹn kọnkéré ilẹ̀ tí wọ́n ń dà kí wọ́n tó mọ ògiri, pé ilẹ̀ wa kì í ṣe ilẹ̀ àbàtà. Mo gbà, torí mo fẹ́ dín owó kù. Owó ọ̀rá náà ò tó owó oúnjẹ tí mo ná lọ́jọ́ tí a fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti máa rẹ́ ọ jẹ jù ni irin. Gbọ́ dáadáa. Rọ́ọ̀dù 12mm tó gùn ní mítà 12, kílò 10.66 ló yẹ kó wọ̀n. Ti 16mm, bíi kílò 19. Nígbà tí mo fẹ́ ṣe píìlà, mo yá òṣùwọ̀n lọ́wọ́ ọkùnrin tó ń ra kòkó ládùúgbò wa, a tẹ rọ́ọ̀dù kan po, a so ó kọ́. Kílò 8 àti díẹ̀! Mo pe ẹni tó tà á. Ó ní, "Ọ̀gá, òun ni gbogbo ayé ń lò." Mo ní kó wá kó o. Inú bí i, ó ní tíṣà ni mí, kí ni mo mọ̀ nípa irin. Òótọ́ ni, mi ò mọ irin, ìṣirò ni mo mọ̀. Tọ́ọ̀nù kan 12mm, ẹyọ 93 tàbí 94 ló yẹ kí o kà níbẹ̀. Bí wọ́n bá já 110 sílẹ̀ fún ọ tí wọ́n ní tọ́ọ̀nù kan náà ni, má yọ̀ pé o jèrè o. Irin tín-ín-rín ni wọ́n kó fún ọ.

Búlọ́ọ̀kù ńkọ́? Jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́ lórí ilẹ̀ rẹ, lójú ẹni tí o fọkàn tán. Àpò sìmẹ́ńtì kan, búlọ́ọ̀kù onínṣì mẹ́sàn-án 25 sí 30, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn kan ń yọ 50 nínú àpò kan. Fi èékánná họ igun rẹ̀. Bí yanrìn bá ń já lọ́wọ́ rẹ, má gbà á.

Kọnkéré náà: àwọn lébìrà á fẹ́ da omi púpọ̀ sí i kó lè rọ̀ wọ́n lọ́rùn láti pò. Má gbà. Omi inú rẹ̀ kó mọ níwọ̀n, omi orí rẹ̀ kó pọ̀. Gbígbẹ kọ́ ló ń mú kọnkéré le, omi ni sìmẹ́ńtì fi ń le, torí náà bí ọyẹ́ bá fà á gbẹ kíá, ó kú nìyẹn. Fi àpò kòkó tó rin bò ó, kí wọ́n máa bomi wọ́n ọn láàárọ̀ lálẹ́ fún ọjọ́ 7, ó kéré tán. Ọjọ́ 28 ni àwọn ẹnjiníà máa ń retí kí agbára rẹ̀ tó pé. Èmi fúnra mi ni mo ń gbé garawa kiri. Àwọn èèyàn ń bi mí bóyá ẹ̀fọ́ ni mo gbìn sórí ilé.

Ó yá, ìbéèrè Màmá. Òrùlé wà níbẹ̀, ògiri párápẹ́ẹ̀tì ló bò ó kí ẹnikẹ́ni má bàa rí páànù. Gbogbo òjò tó bá rọ̀ á kóra jọ sẹ́yìn ògiri yẹn nínú gọ́tà kan. Ewé máńgòrò kan ṣoṣo tó bá dí ẹnu ihò rẹ̀, orí bẹ́ẹ̀dì rẹ ló kù. Ṣé o rántí ilé bàbá wa? Ògiri amọ̀ ni, àmọ́ ẹnu òrùlé rẹ̀ yọ síta ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lọ. Abẹ́ rẹ̀ la ti ń ṣa kòkó tí òjò ń rọ̀, aṣọ wa ò rin. Amọ̀ náà ṣì dúró. Fi irú ẹnu òrùlé bẹ́ẹ̀ sí tìrẹ, kí àwọn tó fẹ́ wo páànù wò ó.

Fèrèsé gíláàsì ńlá méjì tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn torí pé ibẹ̀ ni títì wà, yọ wọ́n kúrò. Bó bá ti di aago mẹ́rin, pálọ̀ rẹ á gbóná bí ààrò. Jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ tó gùn kọjú sí àríwá àti gúúsù. Ní ọ̀dọ̀ wa, òkè orí ni oòrùn ń gbà lọ́sàn-án, ẹnu òrùlé á ṣíji bo fèrèsé. Bálùwẹ̀ àti stóò ni kó gba oòrùn ìrọ̀lẹ́. Kí yàrá kọ̀ọ̀kan ní fèrèsé lára ògiri méjì, torí iná ìjọba kọ́ lo máa gbójú lé.

Ilẹ̀ rẹ jẹ́ 60 ní 120 ẹsẹ̀. 120 yẹn, mítà 36 àti díẹ̀ ni, mítà 30 ló sì yẹ kó wà láàárín kànga àti sókàwéè, ihò tí omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ń lọ. Ìyẹn ni pé ọ̀kan iwájú, ọ̀kan ẹ̀yìn, kí kànga wà lápá òkè. Yọjú wo ibi tí aládùúgbò gbẹ́ tirẹ̀ sí pẹ̀lú, omi ò mọ ààlà. Oṣù Kẹta ni kí o gbẹ́ kànga, nígbà tí omi ti lọ sílẹ̀ jù. Èyí tí wọ́n bá gbẹ́ lóṣù Kẹsàn-án, kíá ni wọ́n á bá omi, wàá sanwó tayọ̀tayọ̀. Tó bá di oṣù Kejì, garawa á máa ha òkúta. Àpáta ló wà nísàlẹ̀ wa ní Èkìtì níbí, inú erùpẹ̀ tó wà lórí rẹ̀ àti ibi tó bá ti sán ni omi ń sá pamọ́ sí.

Ìwé àṣẹ ìkọ́lé, gbà á kí o tó dá ọkọ́ lé ilẹ̀. Tó bá jẹ́ pé wàá ṣe dẹ́kìnnì, ìyẹn ilé alájà, ẹnjiníà ni kó ṣírò irin rẹ̀, kì í ṣe bíríkìlà.

Òṣùwọ̀n kòkó náà wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi, mo ti rà á lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn. Wá lóṣù Kẹsàn-án, ní òpin ọ̀sẹ̀ kan tí òjò bá ń rọ̀ dáadáa, ká jọ lọ dúró lórí ilẹ̀ náà. Mú bàtà òjò dání, tèmi ò ní gbà ọ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ, ní Adó.