Lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ mi ní Lọ́ńdọ̀nù lórí kànga àdúgbò wa

Ìbàdàn,
Oṣù Kejì.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Òtútù ibẹ̀ yẹn ńkọ́? Gbogbo ilé ń kí ọ. Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, mo sì ka ìbéèrè rẹ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa: bí ẹ̀yin tí ẹ wà lọ́hùn-ún bá dá owó jọ, ṣé ká fi gbẹ́ bọ́ọ̀hóòlù tuntun fún àdúgbò? Èsì wa ni pé ẹ má tíì gbẹ́ nǹkan kan. Kànga tó wà nílẹ̀ ni ká kọ́kọ́ tún ṣe. Bọ́ọ̀hóòlù ń fẹ́ iná, ó ń fẹ́ ẹni tí yóò máa tún ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe, bí ẹ̀rọ náà bá sì dákẹ́, ìdí kànga yẹn náà ni gbogbo ayé yóò padà sí.

Ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ni àsìkò iṣẹ́ yìí. Omi ti lọ sílẹ̀ nígbà náà, ó ṣeé fà tán. Ẹni tó bá dúró di ìgbà òjò, bó ṣe ń fà á ni yóò máa sun. Ẹ̀rọ sumo la fi ń fa omi náà, lẹ́yìn náà la ó fi búrọ́ọ̀ṣì ọlọ́wọ́ gígùn fọ ara ríìngì, ká kó ẹrẹ̀, ike àti okùn jíjá tó wà nísàlẹ̀ kúrò. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fo ìpele yìí. Bí omi bá dọ̀tí, ẹrẹ̀ ni yóò jẹ agbára kẹ́míkà tán kó tó kan kòkòrò àìsàn.

Jọ̀ọ́, ka ibí yìí sókè fún àwọn tó kù. Jẹnẹrétọ̀ tó ń gbé iná fún sumo kò gbọdọ̀ wọ inú kànga, kò sì gbọdọ̀ sún mọ́ ẹnu rẹ̀. Mítà 10 ó kéré tán la ń gbé e sí, níbi tí atẹ́gùn yóò ti máa gbé èéfín rẹ̀ lọ, tí kò ní gbé e bọ̀. Gáàsì olóró inú èéfín yẹn kò ní òórùn, kò ní àwọ̀. Àwọn kan a máa fi okùn sọ àtùpà tó ń jó sísàlẹ̀ kànga: bó bá kú, atẹ́gùn ibẹ̀ kò tó èèyàn í mí. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àtùpà tí kò kú kò sọ pé gáàsì jẹnẹrétọ̀ kò sí níbẹ̀. Nítorí náà, ọmọ ẹgbẹ́ kankan kì í wọ kànga. Bó bá di dandan, agbẹ́kànga tó mọṣẹ́ ló ń wọ̀ ọ́, pẹ̀lú okùn lára rẹ̀ àti èèyàn 3 lókè tó di okùn náà mú. Bó bá dákẹ́ lóhùn, fífà ni kí wọ́n fà á jáde. Kí ẹnikẹ́ni má bẹ́ tẹ̀ lé e. Ẹni kejì tó bẹ́ wọlé láti gbé ti àkọ́kọ́ ló sábà máa ń bá a lọ.

Kẹ́míkà tí à ń lò ni HTH, ìyẹ̀fun kílórìn. Ìṣirò rẹ̀ kò le. Wọn ìbú kànga láti inú, pín in sí méjì, fi ìdajì náà lọ́po ara rẹ̀, lẹ́yìn náà fi 3.14 lọ́po rẹ̀, kí o wá fi jíjìn omi lọ́po èsì náà. Bó bá jẹ́ mítà lo fi wọ̀n ọ́n, fi 1,000 lọ́po rẹ̀ kó lè di lítà. Kànga tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà 0.9, tí omi inú rẹ̀ jin mítà 3, gba nǹkan bíi lítà 1,900. Gíráàmù 50 HTH la ń pò mọ́ lítà 20 omi nínú korobá oníke. Lítà 10 àpòpọ̀ yẹn ló tó lítà 1,000 omi kànga. Korobá kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún nìyẹn fún irú kànga tí mo wí. Ìyẹ̀fun la ń dà sínú omi, a kì í da omi lé ìyẹ̀fun, ọwọ́ sì gbọdọ̀ wà nínú rọ́bà. Èyí tí wọ́n ń wọ̀n sínú ọ̀rá lọ́jà ti máa ń rọ, torí afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin ti mú agbára rẹ̀ lọ. Inú ike tí wọ́n lẹ̀ pa ni kí ẹ ti rà á.

Ìrọ̀lẹ́ la ń dà á, lẹ́yìn tí kálukú bá ti pọnmi sílẹ̀, a ó wá ti kànga pa fún wákàtí 12. Bí a kò bá fi àgádágodo sí i, ẹnìkan yóò fà á mu láago márùn-ún ìdájí. Tílẹ̀ bá mọ́, a ó fa gbogbo rẹ̀ dànù, kò sì gbọdọ̀ dé odò tàbí adágún ẹja. Nígbà tí omi tuntun bá sun, a ó fi DPD, oògùn tí à ń fi mọ bí kílórìn ṣe pọ̀ tó nínú omi, dán an wò: àwọ̀ rẹ̀ á pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bí kílórìn bá wà níbẹ̀. Bí kílórìn kò bá tó mílígíráàmù 0.5 nínú lítà kan, kí wọ́n máa pọn ọ́n. Bí òórùn bá ṣì mú, tí àwọ̀ kò sì yọ rárá, má gbà á gbọ́. Kílórìn tó pọ̀ jù a máa pa àwọ̀ náà rẹ́.

Ṣùgbọ́n gbogbo kẹ́míkà yìí, òfò ni bí ẹnu kànga kò bá dára, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé sí ọ. Da korobá omi kan sórí sìmẹ́ńtì tó yí kànga ká, kí o bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ibi tí sìmẹ́ńtì ti pàdé ríìngì, wàá rí ìlà tín-ín-rín kan. Omi náà yóò rìn títí débẹ̀, yóò dúró díẹ̀, yóò sì wọlé lọ láìdún. Omi ìfọsọ, ìgbẹ́ ewúrẹ́, ibẹ̀ náà ni gbogbo rẹ̀ ń gbà wọlé. Okùn ìfami tó ń sùn nílẹ̀ẹ́lẹ̀ náà ń kó tirẹ̀ wọ̀ ọ́.

Ibẹ̀ ni kí owó yín lọ. Kọnkéré tó fẹ̀ tó mítà kan yíká, tó nípọn sẹ̀ǹtímítà 10, tó ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ẹnu kànga, gba àpò sìmẹ́ńtì 4 sí 5. Sìmẹ́ńtì kan, yanrìn méjì, òkúta wẹ́wẹ́ mẹ́rin ni ìwọ̀n rẹ̀. Kí wọ́n fi àpò bò ó, kí wọ́n máa bu omi wọ́n ọn fún ọjọ́ 7. Ibi tí wọn kò bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ ló ń sán. Lẹ́yìn ìyẹn ni ojú ọ̀nà omi, ìdérí irin, àgádágodo, korobá ìfami kan ṣoṣo, àti ìkọ́ tí a óò máa fi okùn rẹ̀ kọ́.

Ṣaláńgá gbọdọ̀ jìnnà sí kànga tó mítà 30. Bó bá sún mọ́ ọn jù, a kì í tan ará ilé jẹ: ìfọsọ ni omi náà wà fún, kí wọ́n se èyí tí wọ́n bá fẹ́ mu. Ìlú tí o wà yẹn náà mọ̀ ọ́n. Ní 1854, nígbà tí onígbá-méjì ń pa wọ́n ní Soho, dókítà John Snow tọ́ka sí ẹ̀rọ ìfami kànga Broad Street pé ibẹ̀ ni àrùn náà ti ń wá, wọ́n sì yọ irin tí wọ́n fi ń fa ẹ̀rọ náà kúrò lọ́jọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án. Nígbà tí wọ́n wá walẹ̀ ibẹ̀ wò, kòtò ẹ̀gbin ilé kan ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga náà, àárín wọn kò tó ẹsẹ̀ bàtà 3. Bí o bá ráyè, dé ọ̀hún; Broadwick Street ni wọ́n ń pè é báyìí.

Bí ẹ bá fohùn ṣọ̀kan, fún mi lésì kí oṣù Kẹta tó parí, ká lè ra sìmẹ́ńtì kí òjò tó dé. Bá mi kí ará ilé.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́.