Ẹ̀yin Ọ̀dọ́ Inú Yunifásítì, Ta Ló Ń Lé Yín?

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ wà ní Adó, ní Ìkọ̀lé àti ní Ìkẹ́rẹ́, ẹ kú ẹ̀kọ́.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ kì í ṣe ti yáhúù. Àwọn tó ń ṣe ìyẹn mọ̀ pé olè làwọn. Ti àwọn ọmọ tó ń gbàdúrà ló ń bà mí lẹ́rù.

Ọmọ àbúrò mi kan wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan níbí, wọ́n fi í ṣe olórí fẹ́lóṣíìpù. Kò pẹ́ kò jìnnà, wọ́n ti ń pè é ní Dádì. Ọmọ ọdún 21! Àwọn tí wọ́n jọ ń jókòó ní kíláàsì ń kúnlẹ̀ kí i. Ó ríran pé kí òun má ṣe ìdánwò mọ́. Ó gba owó ilé ìwé lọ́wọ́ àwọn ọmọbìnrin mẹ́rin, ó pè é ní irúgbìn. Lónìí, yàrá ẹ̀yìn nílé ìyá rẹ̀ ní Ìjerò ló wà, kì í jáde lọ́sàn-án.

Ẹnì kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀, Dietrich Bonhoeffer, pásítọ̀ ìjọ Luther ní Jámánì. (Kí ẹnikẹ́ni má bi mí pé kí ló kan ọmọ Áńgílíkà nínú Luther. Ìjọ wọn ti wà ní Numan, ní Adamawa, láti 1913, ó sì ti wà ní ilẹ̀ Ìbíbíò láti 1936. Àwa ará ìhín ni a kò mọ̀ wọ́n.) Ọmọ ọdún 21 ni òun náà nígbà tó parí iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Berlin. Ó tún ṣe ìdánwò tí ìjọ ń ṣe fún àlùfáà, ó yege. Síbẹ̀ wọ́n ní kó dúró, kò tíì pé ọdún 25. Ọmọ náà kò bínú dá ìjọ tirẹ̀ sílẹ̀ o. New York ló lọ, ó tún di akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé ìjọsìn àwọn aláwọ̀ dúdú ní Harlem. Oṣù kọkànlá 1931 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ọwọ́ lé e lórí láti fi í jẹ àlùfáà.

Wọ́n fi í ṣe àlùfáà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Charlottenburg, ní Berlin. Díẹ̀ báyìí ló ń wá bá a. Ọ̀mọ̀wé o! Kò torí ìyẹn bẹ̀rẹ̀ sí í ríran sí ẹnikẹ́ni. Wọ́n tún fún un ní àwọn ọmọ alágídí kan ní Wedding, àdúgbò àwọn òṣìṣẹ́ tálákà, pé kó kọ́ wọn fún kọnfaméṣọ̀n. Wọ́n pariwo lé e lórí. Ó lọ gba yàrá sí àdúgbò wọn, ó ń gbé láàárín wọn.

Èyí ló mú mi rántí àlùfáà tó ń bójú tó wa ní kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni. Nígbà tí bàbá mi kú, ó gbé mi sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ sílé. Ẹ̀yin tó mọ òkè Ẹ̀fọ̀n mọ̀ pé títì ni a ń ti kẹ̀kẹ́ náà ju gígùn lọ. Kò wàásù kankan fún mi lójú ọ̀nà. Iṣu bàbá mi ló ń bi mí: ta ni yóò wà á, èló ni a lè tà nínú rẹ̀ kí n lè padà sí ilé ìwé. Ó mọ orúkọ ìyá olúkúlùkù wa. Mélòó nínú ẹ̀yin Dádì wọ̀nyí ló mọ ẹni tó ń gbààwẹ̀ nítorí pé gàrí ti tán nínú yàrá rẹ̀?

Mi ò ní kí ẹ má gbàdúrà. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run tó pè yín, ṣé kò mọ̀ pé ẹ ní ìdánwò lọ́jọ́ Mọ́ńdè ni? Ta ló ń lé yín? Ẹ dá mi lóhùn!

Ẹni tó bá ní kí o má sọ fún àwọn òbí rẹ, sá fún un. Ẹ̀yin ọmọbìnrin, owó tí ìyá yín rí nídìí ẹ̀fọ́ títà kì í ṣe irúgbìn ẹnikẹ́ni. Àti ìkúnlẹ̀ yẹn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá a dúró. Ẹ̀yin tí ẹ ń kúnlẹ̀ lẹ jọ ba ọmọ yẹn jẹ́.

Ọdún 1933 tí Archdeacon Dallimore dá Christ's School sílẹ̀ ní Adó, ọdún náà ni Hitler gbàjọba. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì péré, Bonhoeffer wà lórí rédíò. Ó ní aṣáájú tó bá gbà kí àwọn ọmọlẹ́yìn sọ òun di òrìṣà, ṣíṣì ni yóò ṣì wọ́n lọ́nà. Ohùn rẹ̀ já lórí afẹ́fẹ́ kó tó parí ọ̀rọ̀. Kò tíì pé ọdún 27. Ìjọba Hitler ló pa á ní oṣù kẹrin 1945. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ní kó dúró tó sì dúró, tìrẹ wá ń jó ọ lẹ́sẹ̀.

Ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ọmọ wa gba owó lọ́wọ́ yín, a ti ta kòkó. Ẹ wá sí Ìjerò lọ́jọ́ Sátidé, pẹ̀lú òbí tàbí alágbàtọ́ yín. Ẹni tó bá dá wá kò ní gba kọ́bọ̀, torí a ti gbọ́ pé àwọn kan tí kò sí níbẹ̀ rárá ti ń múra láti wá.